ṢÍLÈ FÀDÁKÀ ÀTI ṢÍLÈ IDẸ
Ìtàn owó fàdákà ìjọba ní ilẹ̀ wa, àti ohun tí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ rà á yẹ kó mọ̀

    

Ọ̀rọ̀ tí a fẹ́ sọ lónìí, ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó ń ta aṣọ ló dá a sílẹ̀. Nígbà tí a parí tàfúsírì lọ́jọ́ kan, ó sún mọ́ wa, ó ní: "Àáfà, ẹ rántí bí a ṣe tò síwájú báńkì ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 2023. Owó wà ní báńkì, a ò rí i gbà. Kò pẹ́ sí i, ní oṣù kẹfà ọdún náà, náírà tún já wálẹ̀. Mo ti pinnu pé n ò ní fi gbogbo èrè mi sílẹ̀ ní bébà mọ́. Wọ́n ní àwọn ìjọba kan ń rọ owó fàdákà tí èèyàn lè rà pamọ́. Ṣé ó dára? Èwo ni kí ẹni tí kò rà á rí fi bẹ̀rẹ̀?"

A ní kó ṣe sùúrù, a ó dáhùn lórí rédíò, torí kì í ṣe òun nìkan ló ń bi wá. Àwọn àgbà tí wọ́n rántí oṣù kẹrin ọdún 1984, nígbà tí ìjọba pààrọ̀ àwọ̀ owó bébà, tí owó ẹlòmíràn sì kú sínú àpótí, ìbéèrè kan náà ni wọ́n bi nígbà yẹn. Ohun tí a kò sọ fún ọmọ náà lọ́jọ́ yẹn ni pé ọ̀rọ̀ owó fàdákà ti dójú ti àwa fúnra wa rí. A ó dé ibẹ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka Súrátùl-Káfì ní gbogbo ọjọ́ Jímọ̀, ẹ mọ ìtàn àwọn ọ̀dọ́mọkùnrin inú ihò àpáta. Nígbà tí wọ́n jí lójú oorun ọlọ́jọ́ pípẹ́ yẹn, ebi ń pa wọ́n, wọ́n sì rán ẹnì kan nínú wọn lọ sí ìlú pẹ̀lú owó fàdákà wọn, kó lọ wá oúnjẹ tó mọ́. Àwọn onítàfúsírì sọ pé owó yẹn ló tú àṣírí wọn. Olóúnjẹ yẹ̀ ẹ́ wò, ó rí i pé ọba tí wọ́n rọ owó náà láyé rẹ̀ ti kú tipẹ́tipẹ́. Ẹ ò rí nǹkan! Ẹni tó mú owó dání kò tíì sọ̀rọ̀, owó ti sọ ọ́ tán. Ó sọ ẹni tó rọ ọ́, ó sọ ìgbà tí wọ́n rọ ọ́, fàdákà inú rẹ̀ kò sì tíì bàjẹ́. Ẹ fi eléyìí sọ́kàn, nítorí kíka ara owó ni gbogbo ọ̀rọ̀ wa òní dá lé.

Lásìkò Ànábì wa, àwọn Lárúbáwá kò tíì máa rọ owó tiwọn. Díríhámù fàdákà ti ilẹ̀ Páṣíà àti dínárì wúrà ti ilẹ̀ Róòmù ni wọ́n ń ná, ìwọ̀n ni wọ́n sì sábà máa ń fi wọ̀n wọ́n. Abdul-Málíìk ọmọ Marwáànì ló wá rọ dínárì wúrà ti Mùsùlùmí ní ọdún 77 lẹ́yìn Híjírà, díríhámù fàdákà sì tẹ̀lé e láìpẹ́. Kò sí orí ọba lára wọn, àkọsílẹ̀ ni. Díríhámù 10 wúwo bí dínárì 7. Láti inú ìwọ̀n yẹn ni àwọn onímọ̀ ti ṣírò pé díríhámù 200, tíí ṣe nísáàbù fàdákà, jẹ́ gíráàmù 595. Ìdí tí a fi sọ èyí ni pé iṣẹ́ tí ìjọba ń ṣe lára owó fàdákà kò yí padà láti ayé ìgbà yẹn. Ẹlẹ́rìí ni ìjọba. Èdìdì tó lù sára rẹ̀ ń jẹ́rìí pé fàdákà báyìí ló wà nínú rẹ̀, ìwọ̀n rẹ̀ sì nìyí. Bí ẹlẹ́rìí bá jẹ́ olóòótọ́, ọmọdé lè lọ sí ọjà.

Ní ilẹ̀ Yorùbá, owó ẹyọ ni àwọn bàbá wa ná fún ìgbà pípẹ́. Ogójì ẹyọ ni wọ́n ń sín sórí okùn kan. Ẹgbàá jẹ́ 2,000, ọ̀kẹ́ kan sì jẹ́ 20,000, ẹrù odidi èèyàn kan ni. Láti erékùṣù Maldives ni ẹyọ kéékèèké ti ń wá tẹ́lẹ̀. Nígbà tó di àárín ọgọ́rùn-ún ọdún kọkàndínlógún, àwọn oníṣòwò Jámánì bẹ̀rẹ̀ sí í kó ẹyọ ńláńlá wá láti Sàǹsíbà ní ìlà-oòrùn Áfíríkà, wọ́n ń dà á sí Èkó bí ẹni da yanrìn. Kí ló ṣẹlẹ̀? Ẹyọ pọ̀, ó sì di yẹpẹrẹ. Ohun tí ìyá ẹni ń fi ẹyọ díẹ̀ rà, ọmọ rẹ̀ ń ru àpò lọ rà á. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún yín pé bébà nìkan ló mọ bí a ṣe ń yẹpẹrẹ owó.

Ibẹ̀ ni ṣílè òyìnbó ti wọlé. Lẹ́yìn tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì gba Èkó ní ọdún 1861, owó fàdákà wọn ń wọ inú ìlú díẹ̀díẹ̀. Ní ọdún 1880, òfin jáde ní Èkó tó fi fàdákà Gẹ̀ẹ́sì sípò owó ìjọba, tó sì ti ọ̀pọ̀ owó ilẹ̀ mìíràn sẹ́yìn. Ọkọ̀ ojú irin dé Ìbàdàn ní 1901, ó dé Òṣogbo níbí ní 1907, ṣílè sì bá a wọlé. Ṣílè ni àwọn òṣìṣẹ́ rélùwéè ń gbà, ṣílè ni àwọn ilé ìṣòwò òyìnbó fi ń ra kòkó àti ekuro, ọwọ́ àwọn wọ̀nyẹn ló sì ti ń bọ́ sọ́wọ́ àwọn ìyá aláró wa. Òṣogbo ìlú aró! Ìyá tó bá re aṣọ tà á, tó gba ṣílè fàdákà, kì í ná an bẹ́ẹ̀. A dì í mọ́ ìdí aṣọ. Bó bá di ọjọ́ ìyàwó ọmọ, a gbé e lọ fún alágbẹ̀dẹ kó fi rọ ẹ̀gbà ọwọ́ àti òrùka. Owó lónìí, ẹ̀gbà lọ́la, bó bá sì wù wọ́n kó tún di owó.

Kí ló dé tí wọ́n fi lè ṣe bẹ́ẹ̀? Nítorí pé fàdákà gidi ni. Nínú ìdá 1,000 ìwọ̀n ṣílè yẹn, 925 jẹ́ ògidì fàdákà, ìyókù sì jẹ́ bàbà tí wọ́n fi mú un le. Ṣílè kan wọn gíráàmù 5.65. Ṣílè méjì alápapọ̀ jẹ́ ìlọ́po rẹ̀, sísì jẹ́ ìdajì rẹ̀, tọ́rọ́ sì jẹ́ ìdá mẹ́rin rẹ̀. Kọ́bọ̀, ẹ́pìnnì àti àńíní kò sí nínú ọ̀rọ̀ fàdákà rárá. Àńíní àkọ́kọ́ tí wọ́n rọ ní 1907, irin fífúyẹ́ tí a fi ń ṣe ìkòkò ni, ooru ilẹ̀ wa sì jẹ ẹ́ kíá, tí wọ́n fi yára pààrọ̀ rẹ̀. Wọ́n dá ihò sí i láàrín kí àwọn ìyá wa lè máa sín in bí ẹyọ. Ọgbọ́n nìyẹn náà.

Ní ọdún 1912, ìjọba Gẹ̀ẹ́sì dá ìgbìmọ̀ kan sílẹ̀ tí wọ́n ń pè ní West African Currency Board, kó máa rọ owó fún Nàìjíríà, Gold Coast, Sierra Leone àti Gambia. Owó fàdákà tiwọn jáde ní 1913. Orí ọba ìlú Gẹ̀ẹ́sì, Jọ́ọ̀jì Karùn-ún, ló wà ní ojú kan. Ní ojú kejì ṣílè, igi ọ̀pẹ ló wà níbẹ̀, pẹ̀lú ọdún tí wọ́n rọ ọ́. Ìwọ̀n kan náà, fàdákà kan náà pẹ̀lú ti Gẹ̀ẹ́sì. Ẹlẹ́rìí ṣì jẹ́ olóòótọ́.

Ogun àgbáyé àkọ́kọ́ wá dé, fàdákà sì wọ́n. Ní 1916 wọ́n mú owó bébà jáde, àwọn èèyàn wa kò sì fẹ́ ẹ. Ta ni yóò ri bébà mọ́lẹ̀ kí ikán má jẹ ẹ́? Lẹ́yìn ogun, nǹkan tún le sí i. Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò yìí pọ̀, nítorí inú rẹ̀ ni ìdáhùn ọ̀dọ́mọkùnrin wa wà. Láti 1816, òfin Gẹ̀ẹ́sì ni pé áúńsì kan fàdákà tí wọ́n fi ń rọ owó, ṣílè márùn-ún àti sísì ni wọn yóò rọ jáde nínú rẹ̀. Kọ́bọ̀ 66 nìyẹn. Níwọ̀n ìgbà tí áúńsì fàdákà kò bá tó kọ́bọ̀ 66 lọ́jà, ìjọba ló jèrè, kò sì sí ẹni tí yóò yọ́ ṣílè. Ní oṣù kejì ọdún 1920, áúńsì kan náà di kọ́bọ̀ 89 àti ẹ́pìnnì ní ọjà Lọ́ńdọ̀nù. Ẹni tó bá yọ́ ṣílè márùn-ún àti sísì, yóò rí fàdákà tó tó ṣílè méje àti kọ́bọ̀ márùn-ún àti ẹ́pìnnì. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ jèrè ṣílè méjì láìkúrò lójú kan! Owó wá ṣe iyebíye ju ohun tí wọ́n kọ sí i lára lọ.

Ìjọba kò lè fara da èyí. Ní ìlú Gẹ̀ẹ́sì fúnra rẹ̀, wọ́n dín fàdákà kù sí ìdajì ní 1920, nígbà tó sì di 1947 wọ́n yọ ọ́ kúrò pátápátá. Tiwa kò dúró ní ìdajì. Láti 1920 náà ni wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi idẹ rọ ṣílè, sísì àti tọ́rọ́ fún Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. Orí ọba kan náà, igi ọ̀pẹ kan náà, títóbi kan náà. Ó ń ra ohun kan náà lọ́jà pẹ̀lú, nítorí àṣẹ ìjọba wà lẹ́yìn rẹ̀. Àwọ̀ pupa rúsúrúsú nìkan ló fi yàtọ̀, bó bá sì ti pẹ́ lọ́wọ́, tí ìdọ̀tí bò ó, tàwọn méjèèjì a dúdú bákan náà.

Owó idẹ yìí ni àwọn òṣómàáló Ìjẹ̀ṣà gbà jù. Ẹ mọ̀ wọ́n, àwọn bàbá wa tí wọ́n ń ru aṣọ kiri ìlú àti oko, tí wọ́n ń tà á láwìn, tí wọ́n sì ń lóṣòó sí ẹnu ọ̀nà onígbèsè títí wọn yóò fi gba owó wọn. Ìgbà tí iṣẹ́ wọn gbilẹ̀, fàdákà ti kúrò nínú ṣílè. (Ilẹ̀ Ìjẹ̀ṣà tó ní wúrà ní Ìtagunmódì, ní Igun àti ní Ìpérindó, idẹ ni àwọn ọmọ rẹ̀ ń kà lọ́sàn-án lóru. Ẹ jọ̀ọ́, a kò bá ẹnikẹ́ni jà.) Nígbà tí Báńkì Àpapọ̀ wa bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ kìíní oṣù keje ọdún 1959, owó Nàìjíríà tó rọ kò ní fàdákà. Kọ́bọ̀ tó bá náírà dé ní ọjọ́ kìíní oṣù kìíní 1973, kò ní.

Nísinsìnyí, ẹ jẹ́ ká sọ ohun tó dójú tì wá.

Ó ti tó ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún sẹ́yìn. Ìyá arúgbó kan kú ní Iléṣà. Ọmọ Òṣogbo ni, òṣómàáló ló fẹ́ ẹ. Ọkọ àti àwọn òbí rẹ̀ ti ṣáájú rẹ̀ lọ. Ọkùnrin méjì àti obìnrin mẹ́ta ló bí, wọ́n sì pè wá kí a wá pín ogún bí Ọlọ́hun ṣe là á sílẹ̀. A pín ilẹ̀, a pín aṣọ, kò sí ìjà. Ó wá ku owó àtijọ́ tí wọ́n bá lábẹ́ ibùsùn. Apá kan wà nínú aṣọ aró tí wọ́n dì ní kókó mẹ́ta, èyí tí ìyá rẹ̀ aláró fi sílẹ̀ fún un. Apá kejì wà nínú agolo, èyí tí ọkọ rẹ̀ fi ṣe é lọ́rẹ. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ ṣílè 140. Ìpín 7 ni: ọkùnrin kọ̀ọ̀kan méjì, obìnrin kọ̀ọ̀kan ọ̀kan. Ìpín kan jẹ́ ṣílè 20. Àwa tìkára wa la jókòó sórí ẹní, a tú aṣọ, a ń kà. A ka 40 fún àgbà ọkùnrin. A ka 23 fún àbúrò rẹ̀, aṣọ tán, a bọ́ sí agolo, a ka 17 lé e. A ka 20, 20, 20 fún àwọn obìnrin láti inú agolo. A ṣe àdúà, a jẹ ìrẹsì, a lọ sílé. Lójú wa, ṣílè ni ṣílè.

Ó tó ọdún kan kí àbíkẹ́yìn obìnrin tó wá sílé wa. Ó gbọ́ pé ẹ̀gbọ́n òun ta 14 nínú tirẹ̀ fún alágbẹ̀dẹ wúrà, ó sì rí owó gidi. Òun náà kó 20 tirẹ̀ lọ síbẹ̀. Alágbẹ̀dẹ fi ọ̀kan ra òkúta, ó dá a padà fún un, ó ní: "Ìyá, idẹ ni gbogbo èyí o." Kò bínú sí wa. Ó kàn tú wọn sórí ẹní wa, ó ní: "Bàbá àáfà, ẹ bá mi wò ó." A mú awò wa, a ka ọdún ara wọn fún ìgbà àkọ́kọ́. Kò sí ọ̀kan tí wọ́n rọ ṣáájú 1920. Gbogbo fàdákà tí obìnrin aláró fi ọwọ́ aró kó jọ, ọ̀dọ̀ àwọn ọkùnrin nìkan la kó o sí, a sì ti fi orúkọ Ọlọ́hun tì í lẹ́yìn. A kò sùn dáadáa lóru yẹn.

Ìdí nìyí tí a fi ń sọ fún ẹ̀yin tí ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀: ẹ kọ́kọ́ kọ́ ara owó kà. Bó bá jẹ́ owó àtijọ́ ilẹ̀ wa lẹ bá nílé bàbá yín, ṣílè, ṣílè méjì, sísì àti tọ́rọ́ tó ní igbó ọdún 1913 sí 1919, fàdákà ni. Èyí tí wọ́n kọ 1920 sí, ọ̀nà méjì ló wà, fàdákà wà níbẹ̀, idẹ wà níbẹ̀, ẹ jẹ́ kí alágbẹ̀dẹ wò ó. Lẹ́yìn ìyẹn, kò sí mọ́. Bẹ́ẹ̀ sì ni, ọdún ara owó nìkan kò tó. Dọ́là fàdákà Maria Theresa tí wọ́n ná káàkiri Áfíríkà, 1780 ló wà lára rẹ̀, ọdún tí ọbabìnrin náà kú, ṣùgbọ́n wọ́n ṣì ń rọ ọ́ pẹ̀lú ọdún yẹn lára rẹ̀ ní Austria. Ìwọ̀n rẹ̀ jẹ́ gíráàmù 28, ìdá 833 nínú 1,000 rẹ̀ jẹ́ fàdákà. Ẹni tó bá tà á fún yín pé ó ti lé ní igba ọdún, ẹ rẹ́rìn-ín.

Ní ti owó fàdákà tí àwọn ìjọba ń rọ lónìí fún ìfipamọ́, àwọn tí ọjà ayé mọ̀ dáadáa kò pọ̀. Eagle ti Amẹ́ríkà bẹ̀rẹ̀ ní 1986. Maple Leaf ti Kánádà tẹ̀lé e ní 1988. Britannia ti Gẹ̀ẹ́sì di fàdákà ní 1997, ìdá 958 nínú 1,000 ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀, láti 2013 ni wọ́n ti gbé e dé 999. Philharmonic ti Austria dé ní 2008. Áúńsì kan ni ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn, áúńsì ti àwọn oníwúrà, tó jẹ́ gíráàmù 31.1, kì í ṣe ti àwọn alátà tó jẹ́ 28 àti díẹ̀. Ẹni tó bá ń fi áúńsì alátà wọn fàdákà fún yín ń rẹ́ yín jẹ.

Wọ́n kọ dọ́là 1 sára Eagle, dọ́là 5 sára Maple Leaf, pọ́n-ùn 2 sára Britannia. Kò sí ẹni tí yóò tà á fún yín ní iye yẹn. Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ṣílè ní 1920 ni wọ́n mọ̀ọ́mọ̀ ṣe sí àwọn wọ̀nyí: ohun tí a kọ sára kéré gan-an sí ohun tó wà nínú. Ìjọba ń jẹ́rìí sí ìwọ̀n àti sí ìmọ́ fàdákà nìkan. Kò jẹ́rìí sí iye tí ẹ ó tà á lọ́la. Ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò gbọ́ èyí yé.

Àti pé iye tí ẹ ó san yóò ju iye fàdákà inú rẹ̀ lọ, torí owó iṣẹ́ ẹni tó rọ ọ́ wà níbẹ̀, èrè ẹni tó tà á náà sì wà níbẹ̀. Owó kéékèèké tí kò tó áúńsì, àlékún orí rẹ̀ ló máa ń pọ̀ jù. Nítorí náà, bí ẹ bá bi wá, àwa yóò ní kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ mú ẹyọ áúńsì kan lásán, èyí tí kò ní ọ̀ṣọ́. Ẹ fi èyí tí wọ́n dán bí dígí, tí wọ́n tẹ́ sínú àpótí aṣọ dídán, sílẹ̀ fún àwọn tó ń kó nǹkan ẹ̀ṣọ́ jọ. Alágbẹ̀dẹ Iléṣà kò ní san owó àpótí fún yín. Kí ẹ tó rà á, ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á pé èló ni òun yóò fi rà á padà lọ́wọ́ yín lónìí yìí. Bó bá ń yí ojú kiri, ẹ dìde.

Ayédèrú pọ̀. Àwọn kan ń fi òòfà, irin tó ń fa irin, hàn yín pé "ẹ wò ó, kò mú un, fàdákà ni." Òòfà kì í mú fàdákà lóòótọ́, ṣùgbọ́n kì í mú idẹ náà, kì í mú bàbà, kì í mú òjé. Ìwọ̀n àti omi ló dára jù. Fàdákà wúwo ju idẹ lọ. Ẹyọ áúńsì kan tó wọn gíráàmù 31.1, bí ẹ bá rì í sínú ife tó ní àmì ìwọ̀n oògùn, omi yóò fi díẹ̀ dín sí mílílítà mẹ́ta gòkè. Bó bá gòkè ju bẹ́ẹ̀ lọ, nǹkan mìíràn ló wà nínú rẹ̀.

Ti sẹ́ríà ńkọ́? Ànábì wa fi wúrà àti fàdákà sínú ohun mẹ́fà tí a kò gbọ́dọ̀ fi ṣe pàṣípààrọ̀ bó ṣe wù wá. Fàdákà sí fàdákà, ìwọ̀n kan náà, ọwọ́ sí ọwọ́. Nítorí náà ẹ má fi òrùka 10 gíráàmù gba owó fàdákà 8 gíráàmù kí ẹ ní iṣẹ́ ara rẹ̀ ló jẹ́ kó bẹ́ẹ̀. Bó bá jẹ́ náírà lẹ fi ń rà á, iye lè yàtọ̀, ṣùgbọ́n ọwọ́ sí ọwọ́ ṣì wà níbẹ̀, nítorí àwọn onímọ̀ tí wọ́n pàdé ní Amman ní 1986 ti sọ pé owó bébà gba ìdájọ́ wúrà àti fàdákà. Ẹ má ra fàdákà láwìn. Ẹ má san owó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀ fún ẹni tó ní òun ń bá yín kó o jọ síbì kan tí ẹ kò rí. Ìwà òṣómàáló dára nínú aṣọ, kò bá fàdákà mu.

Sàká rẹ̀ náà wà. Ẹyọ áúńsì 19 kò tó nísáàbù, ó ku gíráàmù mẹ́rin. Bó bá di 20, ó ti kọjá. Bí ọdún bá yí po lórí rẹ̀, ìdá kan nínú 40 ni, ìyẹn ààbọ̀ ẹyọ kan. Ní ti ṣílè fàdákà àtijọ́, bí a bá ṣírò ògidì fàdákà inú rẹ̀, 114 ló tó nísáàbù, iye súrà inú Kùráánì gẹ́lẹ́. Ẹ má gbàgbé pé ẹ ó da owó báńkì àti ọjà ìsọ̀ yín pọ̀ mọ́ ọn. Kí ẹnikẹ́ni má sì rò pé bí òun bá rì í mọ́lẹ̀, Ọlọ́hun kò rí i. Súrátù Tawba ti sọ ti àwọn tó ń kó wúrà àti fàdákà jọ láìná an sí ojú ọ̀nà Ọlọ́hun.

Fàdákà náà a máa ṣubú, ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi ìtàn 1920 nìkan tàn yín. Áúńsì tó jẹ́ kọ́bọ̀ 89 nígbà yẹn, kò tó 20 mọ́ nígbà tó di 1931. Ní oṣù kìíní 1980 ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó dọ́là 50 ní Amẹ́ríkà. Nígbà tó fi di ọjọ́ kẹtàdínlọ́gbọ̀n oṣù kẹta ọdún kan náà, kò tó 11. Owó tí ẹ ó fi san iléèwé ọmọ ní oṣù mẹ́ta sí i, ẹ má fi ra fàdákà. Èyí tí ẹ kò ní fọwọ́ kàn fún ọdún mélòó kan ni kí ẹ fi rà á.

Ẹ jẹ́ ká padà sí Iléṣà. A pe àwọn ọmọ márààrún jọ, a sọ fún wọn pé àwa la ṣì í, pé ogún kò tíì pín. Alágbẹ̀dẹ bá wa yẹ gbogbo rẹ̀ wò: fàdákà jẹ́ 63, idẹ jẹ́ 77. Ìpín kan wá jẹ́ fàdákà 9 àti idẹ 11. Ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, fàdákà 18. Obìnrin kọ̀ọ̀kan, 9. Ẹ̀rù ń bà wá nítorí 14 tí àgbà ti tà, tí alágbẹ̀dẹ ti yọ́. Ṣùgbọ́n 26 ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó mú 4 lé 14 tó ti jẹ, ó kó 22 sílẹ̀. Àbúrò rẹ̀ kó 5 sílẹ̀. 27 nìyẹn, 9 fún obìnrin kọ̀ọ̀kan. Bó bá jẹ́ pé ó ti ta ju 18 lọ, a kò mọ ibi tí a bá gbé e gbà. Àgbà náà dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀, ó wá ní kí wọ́n bá òun wá aṣọ tí owó náà wà nínú rẹ̀. Ó ti sọ ọ́ di ìnudí ẹ̀rọ ìránṣọ ìyàwó rẹ̀. Wọ́n lọ mú un wá.

Àbíkẹ́yìn obìnrin gbà á, ó di 9 tirẹ̀ sínú rẹ̀, ó ta á ní kókó mẹ́ta. Nígbà tí a béèrè lọ́wọ́ rẹ̀ ní ààwẹ̀ tó kọjá, ó ní òun kò tíì tà wọ́n.